Àpò Orin Ilé Bàbá Kéwú

Ní Jímọ́ọ̀ tó kọjá, ọmọ ọmọ mi, Ràmátù, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé, gbé àpò awọ kan wálé kí n lè bá a wò ó. Ẹnìkan ló fi ta ilé ìkàwé wọn lọ́rẹ. Orin ló kún inú rẹ̀, orin tí a fi ọwọ́ kọ sórí tákàdá àtijọ́. Ó gbé e lé orí tábìlì ní pálọ̀ mi ní Adéwọlé níbí, ó ṣí ìdérí rẹ̀, òórùn awọ ewúrẹ́ tí wọ́n ti fi òróró ẹ̀pà ra láìmọye ìgbà sì gba gbogbo ilé. Àwọn ọkọ̀ ń fọn fèrè níta, rédíò ń sọ̀rọ̀, n kò gbọ́ ìkankan mọ́. Mo ti padà di ọmọdébìnrin tí kò wọ bàtà, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá àpò nílé Bàbá Kéwú.

Ràmátù ń bi mí bóyá kí òun to orin náà gẹ́gẹ́ bí orúkọ ẹni tó dá a ni tàbí gẹ́gẹ́ bí ayẹyẹ tí wọ́n ń kọ ọ́ sí. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kó jókòó. Ohun tí mo sọ fún un lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin náà, ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ rò pé ọjọ́ tí òyìnbó gbé àpótí ìwé rẹ̀ dé ni ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í to nǹkan sí ipò.

Agbo ilé wa kò jìnnà sí Ìdí-Àpè. Bàbá tó bí bàbá mi ni olórí ilé. Àlùfáà ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú, nítorí náà gbogbo àdúgbò ń pè é ní Bàbá Kéwú. Nígbà yẹn, Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ti wà nínú ìlú, wọ́n ti ń gba owó orí, rélùwéè sì ti ń fọn fèrè kọjá, tí àwọn àgbàlagbà ṣì ń fi ṣe ìtàn fún ara wọn. Ṣùgbọ́n nínú àgbàlá tiwa, ohun tó ń jí wa láràárọ̀ ni ohùn àwọn ọmọ kéwú tí ń ka wàláà wọn bí ẹyẹ ẹ̀ga, àti ohùn Ìyá Àgbà, ìyàwó Bàbá, tí ń bá àwọn adìyẹ rẹ̀ jà.

Yàrá àpò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá Bàbá. Àwọn àpò awọ ni wọ́n fi èèkàn gbé kọ́ yí ògiri rẹ̀ ká. Lápá kan, Kùránì àti àwọn ìwé òfin ni. Lápá kejì, lọ́wọ́ ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé, orin ni. Bẹ́ẹ̀ ni o, orin wákà tí àwọn obìnrin ilé wa àti ti àdúgbò ń dá níbi wòlímọ̀, níbi ìsọmọlórúkọ, níbi tí a bá ti lọ pàdé ẹni tó ti Mẹ́kà dé. Obìnrin tó bá ti dá orin tuntun á wá kúnlẹ̀ níwájú Bàbá, á ní, "Bàbá, mo tún ti rí ọ̀kan o." Bàbá á wá fa tàdáwà rẹ̀ sún mọ́ ọn, á mú gègé, á máa fi alífù àti bá'ù kọ Yorùbá sílẹ̀ bó ṣe ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Àwọn àlùfáà kan ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé orin obìnrin ló ń fi tàdáwà ṣòfò lé lórí. Èsì tó máa ń fún wọn ni pé ìkìlọ̀ ni ìkìlọ̀ ń jẹ́, ẹnu yòówù kó ti jáde.

Nǹkan kan wà tí tàdáwà kò lè mú, ohùn ni. Bàbá kọ ọ̀rọ̀ orin, kò sí bó ṣe lè kọ bí orin ṣe ń lọ sókè tàbí bó ṣe ń bọ̀ nílẹ̀. Kí ohùn má baà sọnù, ó dá ọgbọ́n kan. Kò to orin gẹ́gẹ́ bí ayẹyẹ, kò sì tò ó gẹ́gẹ́ bí ẹni tó dá a. Ohùn ló fi tò ó. Obìnrin kọ̀ọ̀kan tó bá mú ohùn tuntun wá ni ó ní àpò tirẹ̀, gbogbo orin tí a bá sì ń kọ sí ohùn yẹn, inú àpò yẹn ni wọ́n ń lọ, ẹni yòówù tí ì báà dá wọn. Àpò Ìyá Olóbì wà níbẹ̀, ohùn tirẹ̀ yára, ó ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún, ó dára fún ìgbéyàwó. Àpò Ìyá Làdí náà wà níbẹ̀, Ìyá Làdí tí àwọn baba ńlá rẹ̀ ti ilẹ̀ Hausa wá, ohùn tirẹ̀ ń fà gùn-ún bí ìgbà tí ènìyàn ń fa omi kànga. Ẹni tó bá ń wá bí orin kan ṣe ń lọ kò ní láti bi ẹnikẹ́ni. Á kàn wo àpò tó ti yọ ọ́.

Àpò tí a fi aṣọ aláwọ̀ ewéko díẹ̀ so ní ọwọ́ ni àpò Àṣàbí. Àṣàbí ni àkọ́bí Ìyá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi. N kò bá a láyé, àìsàn lúkúlúkú tó jà káàkiri ló mú un lọ. Gbogbo ẹni tó gbọ́ orin lẹ́nu rẹ̀ ló ń sọ pé tí Àṣàbí bá gbé ohùn, aládìí á gbàgbé pé òun ń ta àdí. Aṣọ ewéko yẹn, gèlè rẹ̀ ni wọ́n ti gé e.

Àṣà ilé wa ni pé bí olóhùn bá kú, ohùn rẹ̀ á sinmi títí ìyá rẹ̀, tàbí ẹni tó bá tọ́ ọ, yóò fi gbé e lẹ́ẹ̀kan ní gbangba. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnikẹ́ni lè kọ ọ́. Ìyá Àgbà kò gbé e. Ọdún ń gorí ọdún, kò gbé e, kò sì sí ẹni tó jẹ́ bi í léèrè. Ohun tó ń ṣe ni pé ní gbogbo Jímọ́ọ̀, bí àwọn ọkùnrin bá ti kírun dé, á sọ àpò Àṣàbí kalẹ̀, á gbé e lé itan, á yọ ewé kan, á sì ní kí wọ́n ka á fún òun. Kò mọ̀wé. Wọ́n á ka ọ̀rọ̀ náà gbẹrẹfu, òun á di ojú, a ó sì máa wo ètè rẹ̀ tí ń mì díẹ̀díẹ̀. Ó ń fi ohùn ọmọ rẹ̀ sí i nínú ara rẹ̀. Bó bá ti tán, á dá ewé náà padà, á gbé àpò kọ́, á lọ wo ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀.

Wàhálà dé láti orí òrùlé. Bàbá Kéwú rí páànù lórí ilé oníṣòwò kan nítòsí Ọjà Ọba, ọkàn rẹ̀ sì fà sí i. Ó ká koríko kúrò lórí yàrá àpò, koríko tí kò jò rí láyé, ó kan páànù sí i. Ọ̀nà wa kò ṣeé gbà mọ́, nítorí gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń yà wá wò ó. Òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀ ni a fi mọ̀ pé gbénàgbénà tó kàn án ti lu ihò sí i bí ajere. Ìró òjò lórí páànù pọ̀ débi pé a kò gbọ́ ìgbà tí omi ń kán sínú àpò. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìsàlẹ̀ gbogbo àpò orin ti rin.

Ọjọ́ náà gan-an ni ìsọmọlórúkọ wà ní agbo ilé kejì, gbogbo obìnrin sì ti lọ. Bàbá dúró ní ìsàlẹ̀ àkàbà, ó ń bá gbénàgbénà wí. Ó fi iṣẹ́ àpò lé Sàlíù lọ́wọ́. Sàlíù ni àgbà nínú àwọn ọmọ kéwú Bàbá, ó ti hu irùngbọ̀n, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ́ ìyàwó, kò sí ọ̀lẹ lára rẹ̀. Ó tẹ́ ẹní káàkiri àgbàlá, ó sá gbogbo ewé orin sí oòrùn, ó fi òkúta tẹ̀ wọ́n, ó sì ní kí àwa ọmọdé máa lé adìyẹ. Ó nu àwọn àpò, ó fi òróró ra wọ́n, ó fi wọ́n há ara ògiri. Ìgbà tí ewé gbẹ tán, ó kù kó kó wọn padà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Kùránì tí a ń kà nígbà náà kì í ṣe ìwé tí a rán pọ̀. Ewé rẹ̀ kọ̀ọ̀kan dá wà. Kí wọ́n má baà dàrú, ẹni tó ń dà á kọ máa ń kọ ọ̀rọ̀ tí ojú ewé tó kàn yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ojú ewé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí atẹ́gùn bá fọ́n gbogbo rẹ̀ ká, ọmọ kéwú tó já fáfá á wo ìsàlẹ̀ ewé kan, á wá orí èkejì, títí á fi tò ó tán. Kò sí ẹni tó yá ju Sàlíù lọ nídìí iṣẹ́ yìí. Kò sí ẹni tó sọ fún un rí pé ohùn ni Bàbá fi to orin, ó wá rò pé bí a ti ń ṣe é fún Kùránì ni kí òun ṣe é fún orin. Orin tó parí sí "ilé", ó wá èyí tó fi "ilé" bẹ̀rẹ̀ tì í. Èyí tó parí sí "ọ̀run", ó wá èyí tó fi "ọ̀run" bẹ̀rẹ̀. Ó jókòó tì í títí di Áṣárì, àwa ọmọdé ń bá a wá ọ̀rọ̀, inú wa ń dùn. Ó so gbogbo orin ilé wa pọ̀ di ẹyọ kan ṣoṣo, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì wá pín in dọ́gbadọ́gba sínú àwọn àpò kí ọ̀kan má baà wúwo ju èkejì. Bàbá wọlé, ó rí àwọn àpò tó ń dán lára ògiri, ó ṣàdúà fún un.

Jímọ́ọ̀ dé. Ìyá Àgbà sọ àpò Àṣàbí kalẹ̀, ó yọ ewé, ó fún Sàlíù.

Sàlíù kà á. Ìyá Àgbà ní, "Ti Ìyá Olóbì nìyẹn. Ka òmíràn." Ó ka òmíràn. "Ti Ìyá Làdí nìyẹn." Ó ka ẹ̀kẹta. Ìyá Àgbà la ojú, ó wo àpò náà, ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ bí ẹni tó ń wá nǹkan tó bọ́ sínú omi. Bàbá sáré jáde. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi yé e, ó gbé ọwọ́ lérí, ó ní, "Sùbúhánálláhì!" Gbogbo ewé ló wà níbẹ̀, kò sí èyí tó sọnù, kò sí èyí tó ya. Ṣùgbọ́n ohùn kò sí lára ewé. Ara àpò ló wà, a sì ti dà á nù.

Ẹ lè bi mí pé ṣé Bàbá tó kọ wọ́n kò mọ èwo ni èwo. Kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un, Bàbá Kéwú lè ka Kùránì kí ara ẹni máa gbọ̀n, ṣùgbọ́n bí ó bá dán orin wò, ewúrẹ́ á dìde kúrò nítòsí. Etí rẹ̀ kò ya ohùn kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Àpò ni òun náà gbọ́kàn lé. Sàlíù ní tirẹ̀ kò lè jẹun. Ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Àgbà lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó ní kó dárí ji òun. Ìyá Àgbà dá a lóhùn láti inú ilé pé, "Dìde. Páànù ló ṣe é." Ṣùgbọ́n kò jáde, ní Jímọ́ọ̀ tó tẹ̀ lé e kò sì ní kí wọ́n kàwé fún òun.

Bàbá ránṣẹ́ pe Ìyá Olóbì àti Ìyá Làdí. Báyìí ni àsìkò kan bẹ̀rẹ̀ nílé wa tí n kò rí irú rẹ̀ mọ́, tí n kò sì lè gbàgbé. Bí a bá ti kí Áṣárì tán, wọ́n á tẹ́ ẹní sí abẹ́ igi ọdán, àwọn ìyá á jókòó, Sàlíù á máa ka ewé kọ̀ọ̀kan, àwọn olóhùn á sì máa gbé e wò. Bí ọ̀rọ̀ bá jókòó dáadáa sínú ohùn, a mọ̀ pé ilé rẹ̀ nìyẹn. Bí kò bá jókòó, á máa ṣe jágbajàgba lẹ́nu, gbogbo wa á bú sẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ kan, Ìyá Olóbì fi ohùn ìgbéyàwó rẹ̀ gbé orin ikú láìmọ̀. Ó ti ń mi èjìká kó tó gbọ́ ohun tí òun ń sọ. Ìjà kò sì gbẹ́yìn. Ewé kan wà tó bá ohùn méjèèjì mu, àwọn ìyá méjèèjì fà á mọ́ra wọn lọ́wọ́ títí Bàbá fi ní òun yóò dà á kọ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí olúkúlùkù mú tirẹ̀ lọ. "Wallahi, tèmi ni kí ẹ fún ní ògbólógbòó," ni Ìyá Làdí wí. Àwa ọmọdé mọ gbogbo orin náà tán. Níbi tí a ti ń pọnmi, ibi tí a ti ń gún iyán, orin là ń dán wò.

Ṣùgbọ́n òkìtì kan ń ga sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní, àwọn ewé tí kò bá ohùn ẹnikẹ́ni mu. Ti àwọn olóhùn tó ti kú ni. Ti àwọn mìíràn, ọmọ wọn tàbí àbúrò wọn wá láti àdúgbò mìíràn, wọ́n gbé e, wọ́n mú tiwọn. Ní ìgbẹ̀yìn, àwọn ewé tó kù, ti Àṣàbí wà nínú wọn, ti àwọn mìíràn náà sì wà nínú wọn. Ìyá Olóbì gbìyànjú láti rántí ohùn Àṣàbí. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ló mọ̀, ó ń ṣìnà ní àárín. Ẹnìkan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n dé òpin, ẹni náà sì wà nínú yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Gbogbo wa mọ̀ pé bí kò bá jáde, àwọn ewé wọ̀nyí yóò di ọ̀rọ̀ lásán láéláé, àpò aláṣọ ewéko á ṣófo. Kò sí ẹni tó lè lọ sọ ọ́ fún un. Bàbá pàápàá kàn ń fi tẹ̀sùbáà rẹ̀ ṣeré lọ́wọ́ ni.

Ní ọjọ́ kan, ilẹ̀kùn dún. Ìyá Àgbà jáde pẹ̀lú àpótí ìjókòó rẹ̀, ó gbé e kalẹ̀ sáàárín wa. Ó ti wẹ̀, ó ti lé tìróò. Ó ní, "Sàlíù, ka àkọ́kọ́."

Sàlíù kà á: "Oòrùn Áṣárì ti yí, ẹ̀yin ìyá, ẹ dìde, ọ̀nà jìn." Ìyá Àgbà pa ojú dé. Ó ṣí ẹnu, ó bẹ̀rẹ̀.

Mo ti gbọ́ orin púpọ̀ láyé mi, nínú rédíò, nínú àwo, ní ojú agbo. N kò tíì gbọ́ irú èyí. Kì í ṣe pé ó dùn o, nítorí ohùn Ìyá Àgbà ti há, ó sì ń já ní ibi tó ga. Ṣùgbọ́n bó ti ń lọ, ó ń rí ọ̀nà, ọ̀rọ̀ náà sì ń jókòó lẹ́yọ lẹ́yọ bí ọmọ ṣe ń jókòó sẹ́yìn ìyá rẹ̀. Nígbà tó dé ibi tí ó yẹ kí a gbè é, kò sí ẹni tó gbè é, a ti gbàgbé ara wa. Ìyá Làdí ló kọ́kọ́ ta jí, ó gbè é, gbogbo àgbàlá sì dáhùn. Omijé ń ṣàn lójú Ìyá Àgbà, kò nù ún, kò sì dákẹ́. Ó ní, "Tirẹ̀ ni. Ka òmíràn." Báyìí ni a ṣe é títí òkìtì náà fi tán. Èyí tí kì í ṣe ti Àṣàbí, á mi orí, a ó gbé e sápá kan. Èyí tó jẹ́ tirẹ̀, á gbà á, á fi lé orí itan rẹ̀, ọ̀kan lé èkejì. Inú mi dùn débi pé mo ń sunkún, n kò sì mọ ohun tí mo ń sunkún sí.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, Bàbá ní òun kò tún ní fi orin sí ọwọ́ àpò nìkan mọ́. Ó pàṣẹ kí Sàlíù kọ orúkọ olóhùn sí orí ewé kọ̀ọ̀kan. Sàlíù lọ́ra. Ó ní, "Bàbá, ṣé lábẹ́ Bísímílà ni ká kọ orúkọ obìnrin sí?" Bàbá wò ó, ó ní, "Àbí orúkọ tìrẹ lo fẹ́ kọ síbẹ̀?" Sàlíù mú gègé. Ewé àwọn ìyá mìíràn ni ó kọ́kọ́ ṣe, ó wá kan ti Àṣàbí. Ìyá Àgbà jókòó tì í. Bí Sàlíù ti kọ àkọ́kọ́ tán, Ìyá Àgbà bi í pé, "Èwo ni òun níbẹ̀?"

Sàlíù fi ìka hàn án. Ó ní ẹ wo ọ̀pá tó dúró yìí, ẹ wo tóótòòtó mẹ́ta yìí bí ààrò mẹ́ta, ọ̀pá mìíràn rèé, ẹ wá wo abọ́ kékeré tí èkùrọ́ kan bọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, lẹ́yìn náà ìrù tó ká sẹ́yìn. Ìyá Àgbà gbé ìka lé e lórí kí tàdáwà tó gbẹ, ó bà á jẹ́ díẹ̀. Sàlíù fẹ́ tún un kọ. Ìyá Àgbà ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, ọ̀pọ̀ nǹkan ti yí padà. Wọ́n ti pín agbo ilé wa, igi ọdán ti wó, àwọn páànù yẹn sì ti dípẹtà tipẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n jò títí wọ́n fi ká wọn. Àwọn olórin òde òní ń fi àwòrán ara wọn sí ẹ̀yìn àwo, orúkọ wọn gùn ju orin lọ, inú mi kì í bàjẹ́ sí i. Ó tọ́ sí wọn. Ohun tí n kò rí i kó yí padà ni pé ohùn a máa dúró de ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ tó láti ṣí ẹnu. Bí ẹni yẹn bá dákẹ́, kò sí àpò tàbí àpótí tó lè gbà á sílẹ̀.

Ìyá Àgbà pẹ́ láyé lẹ́yìn ìgbà náà. Kò tún pe ẹnikẹ́ni láti kàwé fún òun mọ́. Bí ó bá di Jímọ́ọ̀, á sọ àpò kalẹ̀, á gbé ewé sún mọ́ ojú, á wá ọ̀pá àti ààrò, á fi ìka tẹ̀ ẹ́, á sì gbé orin. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ ní kéwú, kò mọ alífù yàtọ̀ sí bá'ù títí Ọlọ́run fi pè é. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n kà láyé, orúkọ ọmọ rẹ̀ ni.